OWÓ GBÀ-MÁ-BÍNÚ: ÀRÙN KÒKÓ NÍ ÀGBÈGBÈ ÌBÀDÀN ÀTI Ọ̀RỌ̀ ÌRÀNWỌ́ ÌJỌBA FÚN ÀGBẸ̀

Bí ènìyàn bá dúró ní Dùgbẹ̀ ní ìlú Ìbàdàn, tí ó sì gbójú sókè, kò lè ṣàìrí ilé gogoro alájà 26 tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ilé Kòkó. Ní ọdún 1965 ni wọ́n kọ́ ọ parí, kò sì sí ilé mìíràn tí ó ga tó o ní ilẹ̀ Nàìjíríà nígbà náà. Iná jó o ní oṣù kìíní ọdún 1985. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní ọdún 1992. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ kò mọ̀ ni pé Ilé Kòkó kọ́ ni orúkọ tí a kọ́kọ́ sọ ọ́. Ilé Àwọn Àgbẹ̀ ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n ṣí i. Orúkọ àgbẹ̀ ti kúrò lára ilé náà. Orúkọ ohun tí àgbẹ̀ gbìn ni ó kù.

Àwọn àgbà a máa sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nínú àròkọ yìí, kì í ṣe orúkọ ilé ni mo fẹ́ yẹ̀ wò bí kò ṣe orúkọ owó. Nígbà tí àjálù bá dé bá oko, ìbáà ṣe omíyalé, ọ̀dá, iná tàbí àrùn, tí ìjọba sì ki owó bọ àgbẹ̀ lọ́wọ́, kí ni a ń pe owó náà? Àwọn kan a pè é ní àánú. Àwọn mìíràn a pè é ní ìrànwọ́. Àwọn mìíràn a sì pè é ní owó gbà-má-bínú. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń sọ pé gbèsè ni. Àwọn orúkọ wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Ẹni tí a ṣàánú fún kò ní ẹnu ọ̀rọ̀. Kí ó dúpẹ́ ni ó kù. Ẹni tí a ràn lọ́wọ́ lè sọ pé ìrànwọ́ náà kò tó, ṣùgbọ́n kò lè fi dandan lé e. Ẹni tí a bẹ̀ pé kí ó gbà kí ó má bínú, a ti gbà pé a ṣẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a san gbèsè fún, ó lè ka owó rẹ̀ lójú ẹni tí ó san án, kí ó sì béèrè ìyókù.

Mo fẹ́ fi hàn pé ìjà tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin ìjọba àti àwọn àgbẹ̀ kòkó ní àgbègbè Ìbàdàn, láti ọdún 1944 títí wọ inú àwọn ọdún 1950, ìjà lórí orúkọ owó ni pẹ̀lú, kì í ṣe ìjà lórí iye rẹ̀ nìkan.

Bí Kòkó Ṣe Di Ogún

Ní nǹkan bí ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni kòkó bẹ̀rẹ̀ sí gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Agége, J. K. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá, ọ̀dọ̀ wọn sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n wá ṣe lẹ́búrà ti mọ bí a ti ń gbìn ín, tí wọ́n sì gbé irúgbìn rẹ̀ padà lọ sí ìlú wọn. Nígbà tí ogun Kírìjì tú ká pátápátá ní ọdún 1893, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn kò rí ogun lọ mọ́. Ilẹ̀ ni wọ́n kọjú sí. Igbó tí ó wà ní ìlà-oòrùn àti gúúsù ìlú náà di oko kòkó díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí irú ohun ọ̀gbìn tí kòkó jẹ́. Iṣu àti àgbàdo, ọdún tí a gbìn wọ́n náà ni a ń jẹ wọ́n. Irú kòkó tí ó wà lóde nígbà náà a máa tó ọdún márùn-ún sí méje kí ó tó so dáadáa, lẹ́yìn náà a máa so fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà kì í ṣe oúnjẹ, ogún ni. Ẹni tí ó gbìn ín ń gbìn ín de ọmọ rẹ̀. Owó ilé-ìwé, owó ìyàwó, owó ìsìnkú òbí, láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń jáde.

Kò sì sí igi kan tí ó ní olúwa kan ṣoṣo. Ìdílé ni ó ni ilẹ̀. Àlejò tí ó gba ilẹ̀ dáko ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún fún onílẹ̀. Igi tí ó gbìn sì jẹ́ tirẹ̀. Bí ìnáwó bá sì ká a mọ́, a fi oko náà dógò lọ́dọ̀ olówó, olówó náà a sì máa ká kòkó ibẹ̀ títí wọn ó fi san gbèsè rẹ̀ tán. Galletti, Baldwin àti Dina, tí wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1951 sí 1952, tí ìwé wọn sì jáde ní ọdún 1956, fi í hàn gbangba pé àṣà ìdógò yìí kì í ṣe ohun kékeré láàrin àwọn àgbẹ̀. Onílẹ̀ ní ọwọ́ nínú igi kan, ẹni tí ó gbìn ín ní ọwọ́ nínú rẹ̀, olówó tí a fi í dógò fún náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí àdá bá wá kan ìdí igi yẹn, ta ni a ó sọ fún pé kí ó gbà kí ó má bínú?

Àrùn Náà

Ní ilẹ̀ Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ̀wé nípa àrùn náà ní ọdún 1936, ní àgbègbè Koforidua. A. F. Posnette ni ó fi hàn, lẹ́yìn ọdún díẹ̀, pé kòkòrò àìfojúrí ni ó ń fa á. Ní ọdún 1944 ni wọ́n dá ilé-ìwádìí kòkó fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Tafo ní ilẹ̀ Gold Coast. Ní ọdún kan náà ni wọ́n rí àrùn náà ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ní àgbègbè Ìbàdàn. Títí di òní, orúkọ àwọn ibi bí Ẹgbẹ́dá, Ọ̀fà-Ìgbò àti Ìlaró ni àwọn onímọ̀ fi ń pe oríṣiríṣi ẹ̀yà kòkòrò náà tí a rí ní ilẹ̀ wa.

Ẹ̀ka àti gbòǹgbò igi ni ó máa ń wú. Iṣan ewé tuntun a sì pọ́n. Kòkòrò funfun kéékèèké kan, tí ó dà bí ẹni pé wọ́n bu ẹfun lé e lára, ni ó ń mu omi igi tí ó ń ṣàìsàn tí ó sì ń gbé àrùn náà lọ sára èyí tí ó yè. Èèrà sì ni ó ń ṣe olùtọ́jú kòkòrò funfun náà. Àrùn náà ti wà nínú igbó wa kí kòkó tó dé, nítorí a rí i lára igi bí àràbà àti oṣè. Kò sí oògùn fún un nígbà náà, kò sì sí di òní. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ó le, igi a kú láàrin ọdún méjì sí mẹ́ta.

Ohun tí ó wá dá ìjà sílẹ̀ gan-an ni pé àrùn yìí kì í tètè fi ara hàn. Igi tí ó ti kó o lè dúró fún oṣù púpọ̀, kí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, kí ó sì máa so. Nítorí náà ohun tí àwọn onímọ̀ sọ ni pé kí a gé igi tí ó ń ṣàìsàn, kí a sì gé àwọn tí ó yí i ká pẹ̀lú, bí wọ́n tilẹ̀ dà bí ẹni tí ara rẹ̀ le. Láti nǹkan bí ọdún 1946 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí wọ oko ní àgbègbè Ìbàdàn pẹ̀lú àdá.

Ìṣirò Méjì

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ẹ̀tọ́ fún apá méjèèjì. Ìjọba kò purọ́ ní ti àrùn náà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní Gold Coast ní ọdún 1948, ohun tí àwọn náà sọ ni pé kò sí ọ̀nà mìíràn ju gígé lọ. Ní ojú ìjọba, igi tí àrùn wà lára rẹ̀ ti kú tán. Ó kàn ń dúró ni. Iye kùkùté ni wọ́n ń kà, iye kùkùté ni wọ́n sì ń sanwó fún.

Àgbẹ̀ kò rí i bẹ́ẹ̀. Igi tí èso wà lórí rẹ̀ kò tíì kú ní ojú rẹ̀. Ọdún yìí gan-an ni yóò san owó orí, ọdún yìí ni onílẹ̀ yóò béèrè ìṣákọ́lẹ̀, ọdún yìí ni olówó yóò wá ká kòkó tí a fi dógò. Bí ó bá tún òmíràn gbìn, ọdún márùn-ún sí méje ni yóò fi wo ojú rẹ̀ kí ó tó so, àràbà tí ó wà létí oko sì tún wà níbẹ̀ tí ó lè kó àrùn ran èyí tuntun. Ìjọba ń ka kùkùté. Àgbẹ̀ ń ka ọdún. Èyí ni ìdí tí owó gbà-má-bínú, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó, fi dà bí ẹni pé wọ́n ń fi àgbẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: àgbẹ̀ tí ó ń ṣọ̀fọ̀ igi rẹ̀ lè ṣírò ohun tí ó sọnù.

Ohun kejì tí ó bí wọn nínú ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ṣùgbọ́n gígé yìí, dandan ni, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó ti fi ogún ọdún tọ́jú oko di ẹni tí ó ń dúró wo ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò mọ̀ rí bí ó ti ń gé e lulẹ̀. A pe owó náà ní gbà-má-bínú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ kí ó tó gé igi rẹ̀.

Láti inú ìbínú yìí ni Ẹgbẹ́ Máyégún ti gbilẹ̀ ní àwọn abúlé Ìbàdàn. Orúkọ náà sọ ohun tí ó wà lọ́kàn wọn, nítorí ohun tí ó túmọ̀ sí ni mímú ayé gún. Ní ojú wọn, ayé kò gún mọ́ nígbà tí ẹni tí kò gbin igi bá ní àṣẹ láti gé e. Ní nǹkan bí ọdún 1950, ìjọba jọ̀wọ́ ibi tí àrùn ti pọ̀ jù ní àgbègbè Ìbàdàn, wọ́n sì fi agbára wọn sí ààlà rẹ̀ kí ó má baà tàn kọjá ibẹ̀. Àrùn ti ju agbára wọn lọ níbẹ̀, àtakò àwọn àgbẹ̀ kò sì jẹ́ kí iṣẹ́ náà rọrùn.

Ọ̀rọ̀ oko wá di ọ̀rọ̀ òṣèlú. Adégòkè Adélabú gba ẹjọ́ àwọn àgbẹ̀ rò, Ẹgbẹ́ Máyégún sì di ọ̀kan nínú òpó tí ó gbé ẹgbẹ́ Mábọlájẹ́ rẹ̀ ró. Ní ọdún 1954 ni ẹgbẹ́ náà, pẹ̀lú NCNC, borí nínú ìdìbò sí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn. Àwọn òpìtàn a máa fi ìwà àti ẹ̀bùn ọ̀rọ̀ sísọ Adélabú, ẹni tí ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní ọdún 1958, ṣàlàyé ìṣẹ́gun yìí. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a gbàgbé kùkùté kòkó tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ta Ni Ó Ni Owó?

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ orúkọ owó ti le jù. Ní ọdún 1947 ni ìjọba dá Bọ́ọ̀dù tí ń ta kòkó sílẹ̀. Bọ́ọ̀dù nìkan ni ó lè ta kòkó sí òkè òkun. Òun ni ó ń dá iye tí àgbẹ̀ yóò gbà, bí iye tí wọ́n tà á lókè òkun bá sì ju èyí lọ, Bọ́ọ̀dù ni ó ń tọ́jú ìyókù. Ìlànà tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé nínú ọgọ́rùn-ún, kí 70 wà fún ìgbà tí ọjà bá kú kí àgbẹ̀ má baà jìyà, kí 22.5 wà fún ìdàgbàsókè, kí 7.5 sì wà fún ìwádìí. Ní ọdún 1954 wọ́n pín Bọ́ọ̀dù sí ẹkùn-ẹkùn, ti Ìwọ̀-Oòrùn sì bọ́ sí ọwọ́ ìjọba ní Ìbàdàn. Ní ọdún yẹn kan náà, iye tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá £400 ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. £200 ni a dá fún àgbẹ̀.

Kì í ṣe pé wọ́n fi owó náà jayé lásán. Ẹ wo Ìbàdàn tuntun tí a ń gbé inú rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ilé Bódìjà ní nǹkan bí ọdún 1958. Tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1959. Pápá ìṣeré Liberty, tí kò jìnnà sí Ring Road, ṣí ní ọdún 1960. Ilé Àwọn Àgbẹ̀ ní Dùgbẹ̀ sì tẹ̀lé e ní ọdún 1965. Kódà, ní yunifásítì tí ó wà lódì kejì Agbówó, owó Bọ́ọ̀dù kòkó wà lára ohun tí a fi dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀. Àwa tí a ń fi gègé ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, lábẹ́ òjìji igi kòkó ni gbogbo wa jókòó sí.

Nítorí náà, nígbà tí ìjọba irú ẹkùn bẹ́ẹ̀ bá fún àgbẹ̀ kòkó lówó nítorí àrùn, àpò ta ni owó náà ti jáde? Bí ènìyàn bá ní àpótí lọ́wọ́ mi, tí mo sì mú díẹ̀ nínú rẹ̀ fún un lọ́jọ́ tí ilé rẹ̀ jó, n kò lè sọ pé mo ràn án lọ́wọ́. Ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ ni mo dá padà fún un. Mo gbà pé èyí ni ó wà nídìí ìbínú náà: àwọn àgbẹ̀ ń gbọ́ "ìrànwọ́" nígbà tí ọkàn wọn ń sọ pé "gbèsè".

Ohun Tí Ojú Àwọn Ẹlòmíràn Rí

Kì í ṣe Ìbàdàn nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní Gold Coast, ìbínú lórí gígé kòkó wà lára ohun tí ìgbìmọ̀ Watson kà sílẹ̀ lẹ́yìn rògbòdìyàn Accra ti oṣù kejì ọdún 1948. Nígbà tí ẹgbẹ́ Kwame Nkrumah wọlé ní ọdún 1951, àwọn tí wọ́n ti ń bá àgbẹ̀ bínú sí gígé igi ni ó wá di olórí àwọn tí yóò gé e, nítorí àrùn kò mọ olóṣèlú. Láti ọdún 1946 títí di àkókò wa yìí, igi kòkó tí wọ́n ti gé ní ilẹ̀ náà lé ní 200 mílíọ̀nù.

Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun, mo bá ìtàn àrùn ẹran tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2001 pàdé. Ìjọba pa ẹran tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní àrùn lára. Wọ́n wulẹ̀ wà nítòsí èyí tí ó ní in ni. Bí ti kòkó wa gẹ́lẹ́ ni. Inú àwọn darandaran ibẹ̀ kò dùn, wọ́n sì pariwo. Ṣùgbọ́n àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti díye lé ẹran ni wọ́n ń pè wá sí oko, owó tí ìjọba sì san lé ní bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Kò sí ẹni tí ó pe owó náà ní àánú. Òfin ni ó sọ pé ẹni tí a pa ẹran rẹ̀ nítorí ire gbogbo ìlú, gbogbo ìlú ni yóò san án padà fún un. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò jẹ mọ́ pé wọ́n lówó jù wá lọ. Orúkọ tí wọ́n fún owó náà ni mo kíyèsí.

Láti Ìgbà Náà Títí Di Òní

Àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn tún dìde ní ọdún 1968 sí 1969. Lọ́tẹ̀ yìí, Agbẹ́kọ̀yà ni wọ́n pe ara wọn, èyí ni pé àgbẹ̀ kọ ìyà. Owó orí ni wọ́n ń jà lé lórí, ẹ̀mí sì ṣòfò púpọ̀ kí ìjọba tó dín in kù. Ẹni tí ó bá ti ka ìtàn Máyégún kò ní yà á lẹ́nu pé àwọn abúlé tí a ti gé kòkó wọn ní ogún ọdún sẹ́yìn kò ní sùúrù fún agbowó orí.

Ní ọdún 1977 ìjọba àpapọ̀ gbé òfin kan jáde láti ṣe onígbọ̀wọ́ fún àgbẹ̀ tí ó bá yá owó ní báńkì. Ní ọdún 1986 wọ́n pa àwọn Bọ́ọ̀dù rẹ́. Àpótí tí a sọ pé ó wà de ọjọ́ burúkú sì di ohun ìtàn. Ní oṣù kejìlá ọdún 1987 ni ètò adójútòfò fún iṣẹ́ àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lórí àwọn ohun ọ̀gbìn kan, àgbẹ̀ a san ìdajì owó adójútòfò, ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ a sì san ìdajì kejì. Ọ̀kan nínú ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ni kí ìjọba lè bọ́ lọ́wọ́ fífún àgbẹ̀ ní owó pàjáwìrì nígbà àjálù. Èrò yìí dára, nítorí ẹni tí ó dójútòfò ń gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kì í tọrọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí omi Ọya àti Bẹ́núé kún àkúnya ní ọdún 2012, tí ó pa ènìyàn 363 tí ó sì lé ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì kúrò nílé, orúkọ àtijọ́ ni a tún gbọ́. Ìjọba àpapọ̀ yọ ₦17.6 bílíọ̀nù fún àwọn ìpínlẹ̀ àti àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba. Ìrànwọ́ ni wọ́n pè é. Ìpínlẹ̀-ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi pín in. Kì í ṣe oko-oko. Àwa tí a ń ra iṣu àti ìrẹsì ní ọjà Bódìjà, láti ilẹ̀ àwọn odò wọ̀nyẹn ni púpọ̀ nínú oúnjẹ wa ti ń wá, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wa tí ó lè sọ orúkọ ẹni tí ó gbìn ín, tàbí ẹni tí ó ni ilẹ̀ tí ó fi gbìn ín.

Ìparí Ọ̀rọ̀

Kí ni ìtàn yìí fi kọ́ wa? Èkíní ni pé kí àjálù tó dé ni a ń ka oko. Bí a kò bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé lágbájá ni ó gbin igi, pé làkásègbè ni ó ni ilẹ̀, ọwọ́ ẹni tí ó sún mọ́ ìjọba jù ni owó yóò bọ́ sí, ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ yóò sì máa wòran. Èkejì ni pé ọdún ni kí a máa kà, kì í ṣe kùkùté. Àgbẹ̀ tí igi rẹ̀ kú kò pàdánù igi nìkan. Ó pàdánù gbogbo ọdún tí yóò fi dúró de òmíràn. Ẹ̀kẹta, tí ó sì ṣe pàtàkì jù ní ojú tèmi, ni pé kí a sọ orúkọ owó ní òtítọ́. Bí ó bá jẹ́ àánú, kí a pè é ní àánú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé nítorí ire gbogbo wa ni a fi gé igi ẹnì kan, tàbí pé láti ara iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni a ti kó owó náà jọ, kí a má ṣe pè é ní ìrànwọ́, kí ó má baà di pé olówó ń dọ̀bálẹ̀ fún ajigbèsè.

Àrùn kòkó kò tíì tán nínú igbó wa. Láti ọdún 1964 ni ilé-ìwádìí kòkó tí ó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́, ní ẹ̀yìn odi Ìbàdàn, ti ń bá iṣẹ́ tí Tafo bẹ̀rẹ̀ lọ. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òṣìṣẹ́ ìjọba yóò tún dúró lẹ́nu oko ẹnì kan pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, tí ìmọ̀ rẹ̀ yóò sì tọ̀nà. Kí ó tó gbé àdá sókè, ó yẹ kí ó lè sọ fún onílé ohun tí a jẹ ẹ́, iye rẹ̀, àti ọjọ́ tí a ó san án.